Férémù Kẹ̀kẹ́ Oníbíréèkì Dísìkì Tó Gba Táyà Fífẹ̀: Ohun Tẹ́ Ẹ Gbọ́dọ̀ Yẹ̀ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ kò dúró sójú kan mọ́. Kò yani lẹ́nu bí ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Mínà tàbí Àbújá bá ń ronú kẹ̀kẹ́ ológeere. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín kò bá ojú ọ̀nà wa mu. Ọ̀dà á lọ díẹ̀, kòtò á gbà á, kó tó pẹ́ ó ti di ilẹ̀ pupa àti òkúta. Ní Jọ́ọ̀sì, tó ga tó nǹkan bí i 1,200 mítà ju òkun lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún wà níbẹ̀, bíréèkì tí kò dáa sì lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Kẹ̀kẹ́ tó bá irú ọ̀nà yìí mu ni èyí tó ní háńdù tó tẹ̀ bí ìwo àgbò, bíréèkì dísìkì, àti àyè fún táyà tó fẹ̀ tó 35 sí 40 mìlímítà (mm). Férémù ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Táyà, ìjókòó àti háńdù ṣe é pààrọ̀, ṣùgbọ́n férémù tí àyè rẹ̀ bá há, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́.

Kí nìdí tó fi jẹ́ dísìkì?

Bíréèkì ìje àtijọ́ máa ń gun orí táyà bí ẹ̀mú, ó sì ń di rímù mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà ju táyà 28 mm lọ. Bíréèkì dísìkì ń di àwo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóòbù mú, torí náà kò sóhun tó dí orí táyà lọ́wọ́. Àǹfààní míì ni pé iyanrìn àti eruku ọyẹ́ kò ní máa jẹ rímù yín. Bí kòtò bá tẹ rímù díẹ̀, bíréèkì á ṣì ṣiṣẹ́.

Àjọ UCI, tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fọwọ́ sí dísìkì pátápátá fún ìje orí títì ní oṣù Keje ọdún 2018. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti yà sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí irú férémù bẹ́ẹ̀ máa jáde nínú tòkunbọ̀ báyìí. Àmọ́ ẹ fura o: kì í ṣe gbogbo férémù oní-dísìkì ló gba táyà fífẹ̀. Àwọn kan wà tí kò gbà ju 28 mm náà lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọn àyè táyà

Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù lára táyà ni èyí tí wọ́n kọ báyìí: 38-622. 38 ni fífẹ̀ rẹ̀, 622 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó sórí rímù. 700C ni wọ́n ń pe 622 lórí kẹ̀kẹ́ ìje, "29" ni wọ́n ń pè é lórí kẹ̀kẹ́ orí òkè. Rímù kan náà ni. Táyà "28" ti kẹ̀kẹ́ àgbà tí bàbá wa ń gùn, èyí tí wọ́n kọ 28 x 1½ sí lára, 635 ni tiẹ̀, kò lè wọ rímù 622 láéláé. Bí ẹni tó ń tajà bá ní "ọ̀kan náà ni", ẹ má dá a lóhùn. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo táyà 38-622, ẹ mú téèpù, kẹ́ ẹ wọ̀n nǹkan bí i 330 mm láti àárín ihò áàsìlì ẹ̀yìn lọ síwájú. Ibẹ̀ ni táyà ti máa fẹ̀ jù láàárín apá méjèèjì férémù. Àlàfo ibẹ̀ yẹ kó tó 50 mm, kí 6 mm lè ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì. Ó kéré tán, kó má dín ní 4 mm. Ìgbà òjò ni ẹ máa mọ ìwúlò rẹ̀, torí ẹrẹ̀ amọ̀ pupa máa ń lẹ̀ mọ́ táyà, òkúta kékeré tó bá sì há síbẹ̀ á máa fá férémù títí á fi jẹ ẹ́.

Ẹ wọn fọ́ọ̀kì náà. Láti àárín áàsìlì dé abẹ́ orí fọ́ọ̀kì yẹ kó ju 355 mm lọ fún táyà 38, torí táyà náà fúnra rẹ̀ á tó nǹkan bí i 349 mm. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́gáàdì sí i, ẹ dín fífẹ̀ táyà kù ní bí i 5 mm.

Ibi tí bíréèkì ti ń dè mọ́ férémù

Oríṣi méjì lẹ máa rí jù. Post mount ni ti àtijọ́: ibi bóòtù méjèèjì yọ síta, wọ́n sì fi 74 mm jìnnà síra. Flat mount ni ti tuntun: bíréèkì á sùn pẹlẹbẹ lórí apá férémù. Flat mount dùn ún wò, àmọ́ post mount ló máa ń rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ náwó púpọ̀, torí kẹ̀kẹ́ orí òkè náà ń lò ó, ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Bíréèkì oníwáyà ti kẹ̀kẹ́ orí òkè àti ọwọ́ bíréèkì orí ìwo àgbò kì í fa wáyà ní ìwọ̀n kan náà. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, ẹ máa fún un títí, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró bó ṣe yẹ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà pé bíréèkì oníwáyà ti háńdù ìwo àgbò lẹ fẹ́. TRP Spyre jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Páàdì rẹ̀ méjèèjì ló máa ń rìn pọ̀.

Wáyà tàbí epo? Bíréèkì olómi lágbára, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n epo mineral ni Shimano ń lò, DOT ni ọ̀pọ̀ SRAM ń lò, tẹ́ ẹ bá sì ṣì wọ́n lò, rọ́bà inú rẹ̀ á bàjẹ́. Níbi tí kò bá sí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, wáyà ló sàn.

Áàsìlì

Férémù oní-dísìkì ti àtijọ́ ń lo áàsìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ dè, hóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 135 mm. Ti tuntun ń lo thru-axle, ìyẹn ọ̀pá tó gba inú hóòbù kọjá: 12 x 142 mm lẹ́yìn, 12 x 100 mm níwájú. Bí agbára yín bá ká a, thru-axle ni kẹ́ ẹ mú. Bíréèkì dísìkì máa ń fipá ti ẹsẹ̀ iwájú kúrò nínú fọ́ọ̀kì. Bí áàsìlì ọlọ́wọ́ bá tú díẹ̀, ewu ni. Hóòbù ìje àtijọ́ tó jẹ́ 130 mm kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu, ẹ má rà á nítorí pé pọ́ọ́kú ni.

Ihò pẹ́dà àti ọrùn kẹ̀kẹ́

Níbi tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà kọjá, ẹ wá èyí tó ní ẹyọ bí ti bóòtù nínú, tó sì fẹ̀ tó 68 mm. BSA ni wọ́n ń pè é. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni pé ẹ̀yà rẹ̀ wọ́pọ̀, kì í sì í ké bí àwọn tí wọ́n kàn ń tẹ̀ wọlé. Ẹ rántí pé apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ni wọ́n ń yí i kó tó tú.

Ti ọrùn, ẹ bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀kì wà pẹ̀lú rẹ̀. Férémù tí kò ní fọ́ọ̀kì lè dà bí ọjà ọ̀pọ̀, àmọ́ fọ́ọ̀kì oní-dísìkì tó bá a mu lè gbé owó rẹ̀ sókè ju ti ẹni tó ta méjèèjì pọ̀ lọ.

Irin, alumíníọ́mù tàbí carbon?

Ẹ mú òòfà dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Férémù irin chromoly máa ń tó nǹkan bí i 2 sí 2.5 kg, ó wúwo díẹ̀, àmọ́ wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè tún un jó bó bá sán. Alumíníọ́mù fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi iná jó o, agbára rẹ̀ á dín kù níbẹ̀. Carbon tòkunbọ̀ lè ti sán nínú kí òde rẹ̀ máa dán. Bẹ́ ẹ bá ní owó díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó ibi dídè dísìkì mọ́ férémù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì rímù. Apá rẹ̀ kò ní agbára fún un. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fún bíréèkì náà lójijì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lè já.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ nu férémù mọ́, kẹ́ ẹ wò ó lójú oòrùn: abẹ́ ọrùn, ibi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé, ẹ̀yìn ihò pẹ́dà, àti ibi dídè bíréèkì. Ọ̀dà tó sán ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó wú lè jẹ́ àmì pé férémù ti ṣe jàǹbá. Ẹ gbìyànjú láti fa ọ̀pá ìjókòó jáde. Bó bá ti ipẹtà lẹ̀ mọ́ inú, ẹ máa jẹ̀ka ìyà rẹ̀. Ẹ gùn ún, kẹ́ ẹ yí háńdù: bí ìka ẹsẹ̀ yín bá ń kan táyà iwájú, ẹ kíyè sí i. Bí àwo dísìkì bá wà lára rẹ̀, kó má tínrín ju 1.5 mm lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ihò pẹ́dà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tà á. Nílùú tá a ti jẹ́ àlejò, rìsíìtì lè gbani lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè.

Lákòótán, ẹ ṣírò gbogbo owó pọ̀: férémù, fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjèèjì, bíréèkì, ṣéènì. Lọ́pọ̀ ìgbà, odindi kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ní férémù tẹ́ ẹ fẹ́ máa ń dín owó ju kéèyàn máa ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ará ilé ló ń bá yín rà á l'Ékòó, ẹ fi nǹkan márùn-ún yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: rímù 622, àlàfo ẹ̀yìn 50 mm, hóòbù 12 x 142 tàbí 135, ihò pẹ́dà BSA, fọ́ọ̀kì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kó fi téèpù ya fọ́tò àlàfo náà kó tó sanwó.