Ìtàn Epo Dísẹ́ẹ̀lì Tí Ń Dúdú Nínú Àgbá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀! Ẹ ti rí i rí: dísẹ́ẹ̀lì mọ́ lóló lọ́jọ́ tí ẹ rà á, àmọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú àgbá, ó dúdú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì sùn sísàlẹ̀. Ẹ bù ú sínú ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, asẹ́ epo dí, ẹ̀rọ kú, ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti bó sì wà nílẹ̀ tó ń bàjẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi ẹni tó ta á. Ní Paris lọ́dún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi tan ẹ̀rọ Diesel kan. Lẹ́yìn náà ni epo tí wọ́n kàn sè jáde lára epo rọ̀bì gbòde. Ìyẹn máa ń pẹ́ nílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun láti fọ́ epo tó ki sí wẹ́wẹ́. Ilé ìfọpo Warri, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, náà ní irú ẹ̀rọ yìí. Epo pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ìtọ́jú.

Náítrójìn ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, àní náítrójìn kan náà tí ń mú àgbàdo yín tutù! Èyí tó wà nínú pyrrole àti indole ló burú jù: bí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra di oje dúdú. Bàbà tún ń mú un yá. Àwọn ilé ìfọpo ń fi háídrójìn yọ ọ́, ṣùgbọ́n owó ńlá ni.

Ẹ má fi páìpù bàbà sí àgbá yín. Ẹ gbé e síbi òjìji, kí ó kún dé ẹnu, epo tí ẹ kọ́kọ́ rà ni kí ẹ sì kọ́kọ́ lò.