Ẹbí Kan Náà, Láti Ara Adìyẹ Dé Ara Ìrẹsì

Àwa tí a ń kọ software, ojoojúmọ́ la máa ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì gbàgìdìgbà. Irú iṣẹ́ wíwá yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹranko àti ewéko jọ ní protein kinase.

Kí ni protein kinase? Púrótéènì tó ń yọ fọ́sífétì lára ATP ni, tó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ púrótéènì mìíràn, bí ìgbà téèyàn tẹ súwíìṣì. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà kan fún amino acid kan.

Lọ́dún 1982, Winona Barker àti Margaret Dayhoff fi src, púrótéènì fáírọ́ọ̀sì kan tó ń fa jẹjẹrẹ fún adìyẹ, wé kinase kan láti ara màlúù. Ẹbí kan náà ni wọ́n! Nígbà tó di 1988, Hanks, Quinn àti Hunter ti to 65 irú wọn sábẹ́ ara wọn, lẹ́tà sábẹ́ lẹ́tà. Títò yìí ló dùn mọ́ wa jù. Bó ti wù kí wọ́n yàtọ̀ tó, ibì kan wà tí D, F, G ti ń tẹ̀ léra nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. D yẹn ló ń bá wọn di magnesium tó wà pẹ̀lú ATP mú. Tí ẹ bá yí i padà, súwíìṣì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí kò fi sọnù láti ayébáyé?

Ọdún kejì ni Lawton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (Hanks náà wà níbẹ̀) fi irú àmì bẹ́ẹ̀ dọdẹ nínú ẹ̀wà àti ìrẹsì, wọ́n sì rí i.

Lọ́dún 2000 ni gbogbo lẹ́tà Arabidopsis jáde, ewéko kékeré táwọn onímọ̀ fi ń ṣèwádìí. Lọ́dún 2001, Shiu àti Bleecker rí kinase tó lé ní 600 nínú rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìdílé kan ṣoṣo. Gbogbo kinase èèyàn pátá, 518 ni wọ́n kà lọ́dún 2002! Nínú ẹranko, Pelle ti eṣinṣin àti IRAK tiwa ló sún mọ́ ìdílé yìí jù, àwọn méjèèjì sì ń bá àrùn jà.

Ó wuni ká sọ pé gbogbo ti ewéko náà ń bá àrùn jà, àbí? Rárá o. BRI1 wà nínú ìdílé yẹn, hómónù ìdàgbàsókè ló ń dá lóhùn. Xa21 náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìrẹsì ìgbẹ́ láti Mali ló ti wá. Lọ́dún 1995, ikọ̀ Pamela Ronald fi jíìnì yìí sínú ìrẹsì tí àrùn bakitéríà tètè máa ń mú, wọ́n kó bakitéríà náà ràn án, wọ́n sì wọn gígùn ojú egbò ara ewé. Ó kúrú gan-an sí ti ìrẹsì tí kò ní Xa21.