Ọ̀rọ̀ Àwọn Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé àti Ìdínkù Iye Owó CFA ní Ọjà Douala

Ní Marché Central, ọjà ńlá ìlú Douala ní Kamẹrúùnù, púpọ̀ nínú ẹrù orí àtẹ ni ó gba èbúté wọlé láti òkè òkun. Nítorí náà, iye owó CFA kì í ṣe ọ̀rọ̀ báńkì nìkan níbẹ̀; ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́jà ni pẹ̀lú.

Láti ọdún 1948 ni ìwọ̀n owó CFA sí ti Faransé kò ti yí padà. Nígbà tí Faransé mú fráǹkì tuntun jáde ní 1960, 50 CFA di fráǹkì kan. Joseph Tchundjang Pouemi, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Kamẹrúùnù, kọ ìwé kan ní 1980 láti tako ètò náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé etí ọjà. Lẹ́yìn tí iye epo rọ̀bì, kòkó àti kọfí já wálẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ àjọ IMF àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó CFA ti wọ́n jù. Àwọn olórí ìjọba, pàápàá Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire, kọ̀ jálẹ̀ pé a kò ní dín in kù.

Ọjà gbọ́ ti ìhà méjèèjì. Bí àwọn aláṣẹ ṣe ń sẹ́ ẹ tó ni ìfura ń pọ̀ tó. Ní oṣù Ògún 1993, àwọn báńkì àpapọ̀ dá pípààrọ̀ bébà owó CFA lẹ́yìn agbègbè rẹ̀ dúró, nítorí pé àwọn olówó ti ń kó o sá lọ. Ìgbésẹ̀ yẹn wúwo ju gbogbo ìsẹ́ lọ. Ní ọdún kan náà, ìjọba Kamẹrúùnù gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Houphouët-Boigny sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ. Radio-trottoir, bí àwọn tí ń sọ Faransé ṣe ń pe àhesọ ìgboro, ti rí ẹ̀rí dì mú. Ó yẹ kí a sọ pé kò rọrùn fún àwọn aláṣẹ láti sọ òótọ́: ẹni tí ó bá kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ti sọ àpò ìṣúra di òfìfo.

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1994, ní Dakar, Antoine Ntsimi, mínísítà ìṣúná Kamẹrúùnù, ka ìkéde náà: fráǹkì Faransé kan di 100 CFA. Ẹrù tí a ń fi 5,000 CFA rà ní Faransé di 10,000 mọ́jú. Àwọn onímọ̀ ti sọ pé ọjà yóò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, pé àwọn tí ń ta nǹkan sí òkè òkun yóò jèrè. Wọn kò ṣìnà pátápátá, nítorí ọrọ̀-ajé Kamẹrúùnù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ní 1995. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó tó nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1994, ó sì bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ti gé owó oṣù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yìí náà ni oníbàárà ọlọ́jà.

Àhesọ yìí tún jí ní 2016, nígbà tí iye epo rọ̀bì já. Àwọn olórí Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pàdé ní Yaoundé ní oṣù Ọ̀pẹ. Christine Lagarde, ọ̀gá IMF, wà níbẹ̀. Wọ́n ní a kò ní dín owó náà kù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tajà ní 1994 ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni: 655.957 CFA fún Yúrò kan, iye tí ó ti wà láti 1999, kò yí padà.