Ẹni Tó Ta Ìbọn Ńkọ́?

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á ní kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́ òwe wa rí. Bí ẹnì kan bá yìnbọn pa èèyàn, ọ̀daràn ò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ta ìbọn náà ńkọ́? Ṣé òun náà jẹ̀bi, àbí ọjà tirẹ̀ ló kàn tà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ọkùnrin kan àti ọmọ ọdún 17 kan ń wakọ̀ káàkiri agbègbè Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n ń yìnbọn fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí: ẹni tó ń ra epo sọ́kọ̀, ẹni tó ń gé koríko, ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Èèyàn 10 kú, àwọn 3 fara gbọgbẹ́. Kò sí èyí tí òfin gbà láyè láti ra ìbọn nínú àwọn méjèèjì. Kóòtù ti pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà jìnnà sí ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, àṣẹ yẹn ò sì jẹ́ kó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn. Ọmọ yẹn ní tirẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó.

Níbo ni ìbọn ti wá? Láti Bull's Eye Shooter Supply, ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Tacoma, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ náà sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe lòun jí i. Nígbà tí ìjọba wá yẹ ìwé ṣọ́ọ̀bù náà wò, ìbọn tó ju 200 lọ ni wọn ò lè sọ ibi tó wọlé sí. Àwọn ẹbí olóògbé pe ṣọ́ọ̀bù náà àti Bushmaster, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà, lẹ́jọ́. Ní 2004, wọ́n gba owó gbà-má-bínú tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 dọ́là.

Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló rí báyẹn o. Ní ọdún 2000, àjọ ATF, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn fún ìjọba àpapọ̀, gbé ìwádìí kan jáde. Nínú nǹkan bíi 83,200 ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ, 1,020 péré ni ìbọn tó ju ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ti jáde, nínú àwọn ìbọn ọ̀ràn tí wọ́n tọpa dé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ń tajà ní 1998. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá rí i pé ibi kékeré kan nínú ètò tí mo kọ ni àṣìṣe tó lé ní ìdajì ti ń wá, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣí wò. Mi ò ní máa dá gbogbo ètò lẹ́bi.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gbà. Láti 1998 ni àwọn ìlú bíi New Orleans àti Chicago ti ń pe àwọn oníbọn lẹ́jọ́, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ju 30 lọ sì tẹ̀ lé wọn. Ní 2003, àwọn aṣòfin ní ATF ò gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda àkọsílẹ̀ ìtọpa ìbọn fún ẹni tó fẹ́ fi pẹjọ́ gbà-má-bínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tó ní a ò lè pe ẹni tó ṣe ìbọn tàbí ẹni tó tà á lẹ́jọ́ nítorí ọ̀ràn tí ẹlòmíràn fi dá. Ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀: bí òǹtajà bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, tàbí bó bá gbé ìbọn fún ẹni tó yẹ kó mọ̀ pé yóò fi ṣèjàǹbá.

Àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó ta àdá kọ́ ló ṣá èèyàn, ẹni tó ta mọ́tò kọ́ ló gbá èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra àdá bá ń pariwo ìjà lójú rẹ, tó o sì nà án sí i, ṣé ọjà nìkan lo tà?

Àlàfo yẹn ni àwọn ọlọ́pàá méjì gbà kọjá nílùú Milwaukee. Ọmọ ọdún 18 kan yìnbọn fún wọn ní 2009. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 ló bá a ra ìbọn náà ní Badger Guns, òun gan-an sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ yan ìbọn. Ní 2015, àwọn ará ìlú tó jókòó dá ẹjọ́ ní kí ṣọ́ọ̀bù náà san owó tó ju mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ.

Ṣé gbogbo èèyàn ló rí i bẹ́ẹ̀? Rárá. Nígbà tí wọ́n pa èèyàn 12 ní ilé sinimá kan ní Aurora ní 2012, òbí ọmọbìnrin kan tó kú níbẹ̀ pe ẹni tó ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta fún apànìyàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́jọ́. Kóòtù da ẹjọ́ náà nù, ó sì ní kí wọ́n san owó àwọn agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ó lé ní 200,000 dọ́là. Wọ́n sin ọmọ, wọ́n tún jẹ gbèsè.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ 20 àti àgbàlagbà 6 kú ní iléèwé Sandy Hook. Ìyá apànìyàn náà ló ra ìbọn, ó sì rà á bófin ṣe wí. Nítorí náà, àwọn ẹbí 9 bá ọ̀nà tí wọ́n gbà polówó rẹ̀ jà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Connecticut gbà fún wọn ní 2019. Nígbà tó fi máa di 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò Remington san mílíọ̀nù 73 dọ́là.

Mẹ́síkò náà gbìyànjú. Ní 2021, ó pe àwọn ilé-iṣẹ́ ìbọn Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ nítorí ìbọn tó ń gba ẹnubodè wọlé sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹjọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lára ìdí tí wọ́n sọ ni pé Mẹ́síkò ò tọ́ka sí òwò kan pàtó tó lòdì sófin tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ sí.

Ibi tó ká mi lára jù nìyẹn. Ní Martinsburg, West Virginia, ni ATF kó ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé sí. Wọ́n ya àwòrán ojú ewé wọn sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí wọ́n fi orúkọ wá ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ mọ ẹni tó ra ìbọn kan, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á pe ẹni tó ṣe é, ìyẹn á júwe alágbàtà, alágbàtà á júwe ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń tà fún ọ̀daràn lemọ́lemọ́? ATF ní àkọsílẹ̀ tó lè dáhùn, àmọ́ òfin 2003 ní kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pẹjọ́.

Kóòtù ní kí olùpẹjọ́ tọ́ka sí ẹni tó gba epo sílẹ̀. Aṣòfin ti pa iná àjà.