Ọkọ̀ Àlòkù Lójú Ọ̀nà Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Ìlú Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò sí létí ọ̀sà, àmọ́ láyé àtijọ́, ẹrù tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń kó lọ sí Èkó máa ń dé èbúté bíi ti Èjìnrìn tàbí ti Ẹ̀pẹ́ kí ó tó wọ ọkọ̀. Irú ọkọ̀ yìí, tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, ni wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tì níbi tí omi kò bá ti jìn, tí wọ́n sì máa ń ta ìgbòkun, èyíinì aṣọ tí ń gba afẹ́fẹ́, sí òmíràn lára wọn. Ẹni tí yóò ra àlòkù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti fà á gòkè kí ó tó sanwó, nítorí pé ìdí ọkọ̀, níbi tí igi ti ń sán tí ó sì ti ń jẹrà, kì í hàn nínú omi.

Ọ̀nà omi yìí ni agbára Ìjẹ̀bú nígbà náà: bí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, bá ti ọ̀nà pa, òwò Èkó a dákẹ́. Abájọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba ojú ọ̀sà gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 1892, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, kò sì gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, nítorí náà ẹrù Ìjẹ̀bú ṣì ń gba ojú ọ̀sà.