Kókó Inú Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọdé: Àrùn Tí Kò Tètè Ní Orúkọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ó ń mí gúlegúle, òtútù àyà ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹjẹrẹ ló fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Láyé àtijọ́, ẹ̀rù máa ń ba àwọn oníṣẹ́ abẹ láti la àyà ènìyàn. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ẹ̀dọ̀fóró yóò sún kì bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jò tán nínú rẹ̀. Ní 1895, Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní Jámánì, a sì lè wo inú àyà láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ní 1904, Ferdinand Sauerbruch kan yàrá kan ní Breslau: ara aláìsàn àti àwọn dókítà wà nínú yàrá tí wọ́n ti dín agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, orí aláìsàn sì wà níta. Ẹ wo wàhálà! Ní 1909, Samuel Meltzer àti John Auer ní New York fi hàn pé a lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀nà èémí. Ọ̀nà fífẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé yìí ló borí.

Síbẹ̀, ìṣòro ń bẹ. Àrùn tí à ń wí yìí lè bẹ̀rẹ̀ bí àpò kékeré tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Nínú àwòrán, kò yàtọ̀ sí àbùkù lásán tí a bí mọ́ ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ ń ka jẹjẹrẹ náà mọ́ irú èyí tí ń ṣe àgbàlagbà, títí di 1988, nígbà tí Carlos Manivel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀ràn ọmọ 11 jọ, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: pleuropulmonary blastoma. Lójú tèmi, orúkọ yìí ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bẹ nìkan kò lè ṣe. Láti ìgbà náà, dókítà tó bá gé irú àpò bẹ́ẹ̀ kúrò ti mọ ohun tí yóò ní kí wọ́n wá nínú rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò.

Bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àpò, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yè. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di kókó líle, èyí tó lè ràn dé ọpọlọ. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ àti oògùn jẹjẹrẹ ni yóò jọ ṣiṣẹ́.

Ní 2009, Ashley Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àbùkù nínú àbùdá kan tí ń jẹ́ DICER1, tí ọmọ lè jogún lọ́dọ̀ òbí, wà nídìí àrùn yìí nínú àwọn ìdílé kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí i lára ọmọ kan, wọ́n á ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òbí àti ọmọ ìyá rẹ̀. Àbúrò tó bá ní àbùkù náà, wọ́n á ya àwòrán àyà rẹ̀ láti ìgbà ìkókó, kí ikọ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀.