Ta Ni Ó Ṣe Ọkọ̀ Yìí? Ìtàn Ọkọ̀ Àlòkù tí A Tún Tò fún Ọ̀nà Jíjìn

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà títì láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu yóò kọjá ní Sàkẹ́tẹ́, yóò sì dé Ìkpinlẹ̀ kí ó tó wọ Pọ́bẹ̀. Lórí ọ̀dà títì, ọkọ̀ kékeré kankan lè rìn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n etí títì kọ́ ni oko wà. Bí a bá yà kúrò ní Ìkpinlẹ̀, tí a dojú kọ àwọn abúlé tí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti epo pupa ti ń wá sí ọjà, ilẹ̀ pupa ni a ó kọ́kọ́ bá. Bí a bá tún tẹ̀ síwájú dé ìhà Massè, tí òun náà wà lábẹ́ Adja-Ouèrè, ilẹ̀ yóò yí padà di amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ yìí a gbẹ, a sì là káàkiri. Nígbà òjò, a rọ̀, a sì gbá táyà mú bí ẹni pé kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ yìí kan náà ni ó ran àwọn Ọ̀họ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kọ̀ fún ìjọba amúnisìn Faransé ní 1914 àti 1915. Ohun tí ó jẹ́ odi nígbà ogun ni ó wá di ìdènà nígbà òwò.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà, èyí tí a mọ̀ sí quatre-quatre, kì í ṣe ohun afẹ́ lásán ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń lò ó kì í sábà rà á ní titun. Àlòkù ni wọ́n ń rà. Wọn a tú u palẹ̀, wọn a tún un tò, wọn a sì fi ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀ kún un, kí ó lè lọ sí oko, kí ó sì tún lè lọ sí Kpárákú, Malanville tàbí Niamey kí ó sì padà. Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni èyí: nígbà tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ta ni a lè sọ pé ó ṣe ọkọ̀ náà? Ṣé ilé iṣẹ́ òkèèrè tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ ni, tàbí ọwọ́ tí ó tún un tò? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọkọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ogun ni ó bí i

Ní 1940, ilé iṣẹ́ Bantam ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún àwọn ọmọ ogun. Willys àti Ford ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀ sí jeep. Lẹ́yìn ogun, Maurice Wilks, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo jeep àlòkù kan ní oko rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni èrò Land Rover ti wá, tí wọ́n fi han ayé ní Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Irin ọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ní Japan, Toyota ṣe ọkọ̀ tí wọ́n pè ní BJ ní 1951; ní oṣù keje ọdún náà, ọkọ̀ náà gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà. Ní 1954 ni ó gba orúkọ Land Cruiser. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé jeep àlòkù tí ó wà lóko ni ìyá Land Rover. Àtúnlò ohun tí ẹlòmíràn ti lò kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àwọn Faransé ní ìtàn tiwọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1922, àwọn ọkọ̀ Citroën gbéra ní Touggourt ní Àlùjẹ́ríà, wọ́n sì dé Tombouctou ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1923. Ẹ̀yìn wọn kò ní táyà. Bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ ni ó ń yí, kí wọn má baà rì sínú iyanrìn. Ní 1924 àti 1925, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil tún kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la àárín Áfíríkà kọjá dé Madagascar. Fíìmù tí Léon Poirier ṣe nípa ìrìn àjò náà jáde ní 1926. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a tún ṣe ní pàtó fún ọ̀nà jíjìn ní ilẹ̀ Áfíríkà: ibi ìkómi, ibi ìkóúnjẹ, àgọ́ ìsùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò sára wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọ̀gá ni ayé mọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n sì fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, kò hàn lára pátákó kankan. Àṣà yìí ni a ó tún bá pàdé níwájú.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn òyìnbó kan sọ ọ́ di òwò àti ìgbafẹ́ láti wa ọkọ̀ àlòkù gba aṣálẹ̀ kọjá, láti Tamanrasset dé Agadez, kí wọ́n sì tà á ní Niamey, ní Kútọnu tàbí ní Lomé. Owó ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń padà sílé. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àlùjẹ́ríà ní àwọn ọdún 1990, tí àwọn Tuareg náà sì gbé ohun ìjà ní ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀, ọ̀nà náà dí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó wá gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó séfà kù sí ìdajì sí ti Faransé. Ọkọ̀ titun wá kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èbúté Kútọnu kún fún àlòkù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá ọ̀nà Nàìjíríà lọ. Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó sì ti ẹnu ibodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn tí ó wà létí ibodè bíi tiwa mọ ohun tí èyí ṣe sí ọjà.

Ní Kútọnu, wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní «venue de France». Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní Tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀: ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. A kì í pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àlejò. A ń kọ́ ọ ní èdè, a ń kì í ní oríkì ìdílé rẹ̀, títí tí yóò fi mọ ojú ilé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún ọkọ̀ àlòkù ní orúkọ yìí lè ti sọ ju bí ó ti rò lọ.

A kò gbọdọ̀ fo Peugeot 504 dá. Ní 1968 ni ó jáde. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kaduna ní Nàìjíríà, èyí sì jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ ní ọjà ní ìhà méjèèjì ibodè. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó ń fà á. Nígbà tí ó di 1980, Henry Dangel, ará Alsace ní ilẹ̀ Faransé, fi 504 kan tí ó ti tún ṣe han àwọn ènìyàn ní Paris: ó gbé e ga, ó sì so táyà iwájú mọ́ ẹ́ńjìnnì kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà. Láti 1981 ni ó ti ń tà á. Ìwé ìtàn mọ́tò kọ orúkọ Dangel sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì ilẹ̀ wa bá gbé ọkọ̀ ga, tí ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ó sì yí àgbékalẹ̀ rẹ̀ padà kí ó lè bá ilẹ̀ mu, kí ni a ń pè é? «Bricolage» ni. Iṣẹ́ kan náà, orúkọ méjì.

Bí a ṣe ń tún un tò

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àgbà mẹkáníìkì kì í kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ ọkọ̀ ni ó ń wọ̀. Egungun ọkọ̀, tí a ń pè ní ṣásí, ni ó ń fi òòlù kàn díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Irin tí ó yè kooro a dún gbọnran; èyí tí ìpẹtà ti jẹ a dún wúyẹ́. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yìí sì ni ó ń jẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láìjẹ́ pé òde rẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà dídán ra ọkọ̀ ti ra ìpẹtà. Bí egungun bá dára, ìyókù ṣeé ṣe, nítorí pé bóòtù ni ó so ara àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí mọ́ egungun wọn. A lè gbé ara kúrò, kí ajórin tún egungun ṣe, kí a sì dá ara padà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ́ńjìnnì. Dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Irú èyí tí Toyota pè ní 1HZ, tí ó jáde ní 1990, ní sìlíńdà mẹ́fà àti lítà 4.2, kò yára, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò dá a dúró ní àárín igbó. Bí epo tí ó mọ́ bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tí kò ní eruku sì ń wọ inú rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́. Nítorí omi, wọn a so ọ̀pá ìmí kan gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sókè dé òrùlé. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fún omi pọ̀. Bí omi bá gba ihò ìmí wọlé, irin inú rẹ̀ a tẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀. Bí a bá fi ewé irin kan kún un, ọkọ̀ a ga sí i, a sì lè ru ẹrù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi púpọ̀ kún un, kò ní tẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà a wọ inú ṣásí, a sì là á. Irin yìí kan náà, nígbà tí ó bá kán, ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ di àdá àti ọkọ́. Ọkọ̀ tí ó kú a di ọkọ́ tí ó ń ro oko. Níbí ni a ti rí i pé iṣẹ́ mẹkáníìkì kò jìnnà sí iṣẹ́ Ògún ti àtijọ́: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ìyókù jẹ́ ti ìrìn àjò. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ lítà 14 ní 100 kìlómítà, táǹkì lítà 90 yóò gbé e dé nǹkan bí 640 kìlómítà. Láti Kútọnu dé Malanville sì ju 700 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó táǹkì kejì mọ́ ọn. Wọn a fi bátìrì kejì sí i fún iná alẹ́, wọn a wá ibi tí omi mímu yóò wà, wọn a sì tẹ́ pákó sẹ́yìn tí a lè sùn lé. Ọlọgbọ́n a kó ẹrù tí ó wúwo sí ìsàlẹ̀, a sì fi èyí tí ó fúyẹ́ sórí òrùlé, nítorí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo ni ó ń dojú dé níbi kọ́nà. Ní ilẹ̀ iyanrìn, wọn a dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kí ó lè tẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tí wọ́n bá padà sórí títì, wọn a tún fẹ́ ẹ.

Ohun tí ó wà nínú ewu

A kò sọ pé kò sí àléébù. Ẹ̀fin dúdú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí ń wọ inú àyà àwọn ọmọ wa, bíréèkì tí a kò tún ṣe dáadáa sì ti pa ènìyàn. Òtítọ́ sì ni pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́ dà sí wa lọ́rùn. Ní 2020, àwọn mínísítà CEDEAO fẹnu kò lórí òfin tí yóò dín ọjọ́ orí àti ẹ̀fin ọkọ̀ tí a ń kó wọlé kù. Ẹni tí ó fẹ́ ìlera kò lè bínú sí èyí. Àwọn ọkọ̀ titun ní kọ̀ǹpútà nínú, wọ́n sì ń fẹ́ irú ìmọ̀ mìíràn. Bí ó bá ṣe díẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí a ń sọ yìí yóò dínkù, wọn yóò sì tán.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bá wọn tán ni ìmọ̀ ọwọ́. Ìpínlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ní ìwé ẹ̀rí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CQM; ó dára, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Etí tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín irin tí ó dún gbọnran àti èyí tí ó dún wúyẹ́, èdè wa ni a fi kọ́ ọ. Àwọn àgbà kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ igi, bí ọmọ iṣẹ́ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gun zémidjan, ìmọ̀ náà bá a lọ.

Ní báyìí, a lè dáhùn ìbéèrè wa. Ẹni tí ó ṣe irin àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ rẹ̀, a kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó jáde láti ọwọ́ mẹkáníìkì, ajórin àti alágbẹ̀dẹ wa, tí ó la amọ̀ dúdú Massè kọjá, tí ó sì lọ sí Malanville tí ó padà, ní ju òbí kan lọ. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ ìwé lọ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n béèrè orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ìdí tí a fi ń ṣe é báyìí, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé. A ti pàdánù orúkọ àwọn tí ó fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ní 1924. Kí a má pàdánù ti àwọn tí ó ń fà á jáde lónìí.